Ọkọ̀ Orí Wáyà Ti Dé Òkè Wa

El Alto,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ.

Limbert, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Báwo ni òtútù São Paulo, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí o ń jókòó tì láti àárọ̀? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ó sì bá oúnjẹ gbígbóná níwájú rẹ. Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín, àyàfi orúnkún bàbá rẹ tí ń dùn ún. Fọkàn balẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Nígbà náà, ọkọ̀ orí wáyà, àwọn àpótí tí wáyà ń fà kọjá lójú ọ̀run, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti òkè wa lọ sí La Paz. Ìrìn tí bọ́ọ̀sì bàbá rẹ ń fi wákàtí kan àbọ̀ rìn di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ni yóò tún wọ bọ́ọ̀sì? Oṣù mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì náà fi wà lójú kan, tí adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ a sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tí ń retí èrò. Ó búra pé, "Kí ẹsẹ̀ mi tó wọnú àpótí tí wọ́n so rọ̀ yẹn, ẹ ó ti sin mí!"

Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí ọjọ́ tí ilé ìwòsàn La Paz dá fún mi láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fi pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, àwọn afẹ̀hónúhàn fi òkúta dí gbogbo ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sí La Paz. Mo bú sẹ́kún. Bàbá rẹ wò mí títí, ó dé fìlà, ó ní, "Fortunata, dìde. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Bí àpótí náà ti fò kúrò lẹ́bàá òkè, ó di ọwọ́ mi mú débi pé ìka mi kú. Ó ń bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?" Èmi kọ́ ni ẹ̀rù ń bà!

Wo ìkọ̀wé yìí dáadáa, ọmọ mi. Kì í ṣe ọmọ àbúrò mi ló bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni. Mo ti ń ríran.

Nígbà tí a padà gòkè lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, èrò kún ẹnu ibùdókọ̀ náà, wọ́n dúró nínú atẹ́gùn pẹ̀lú ẹrù. Ọkọ̀ orí wáyà gbé wọn dé òkè, kò sì sí ohun tí yóò gbé wọn dé àdúgbò wọn tó jìnnà. Obìnrin kan bi bàbá rẹ pé, "Bàbá, ẹ ò mọ bọ́ọ̀sì kankan tó ń lọ apá ọ̀hún?" Bàbá rẹ ní, "Ẹ dúró síbẹ̀, Màmá. Ẹ má rìn o!" Ló bá sáré lọ sílé, tòun ti orúnkún burúkú yẹn, ó lé adìẹ, ó gbé ọkọ̀ jáde.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi. Awakọ̀ mẹ́fà ló ń ná ọ̀nà yẹn báyìí. Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ ṣe ṣá o: Don Eleuterio ta ọkọ̀ rẹ̀, ó padà sí abúlé, inú mi kò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n òpópónà wa ti yàtọ̀. Ilé búrẹ́dì ti ṣí, oníṣègùn eyín ti dé. Èmi náà ń se ọbẹ̀ chairo lẹ́nu ibùdókọ̀, àwọn tó so táì ń gòkè wá láti La Paz lọ́sàn-án láti wá jẹ ẹ́, àwọn tí kò mọ òkè wa rí àfi lókèèrè!

Ilé ìránṣọ mẹ́ta ló ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ọ̀kan ń wá ẹni tó mọ kóòtù rán. Limbert, kì í ṣe torí kí o lè ṣàánú wa ni mo ṣe ń pè ọ́. Nígbà tí o lọ, àìríṣẹ́ ló lé ọ lọ. Mi ò dá ọ dúró, nítorí kí ni ǹ bá fi dá ọ dúró? Iṣẹ́ ti wà nílé báyìí. Rò ó.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ. Abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́, o kò sì ní ṣe làálàá fún ẹlòmíràn jẹ. Kí ayé yẹ ọ́, ọmọ mi.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Fortunata.

Mo tún rántí o: Dọ́nyà Petronila tó ni ilé búrẹ́dì béèrè àdírẹ́sì rẹ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Mo ti fún un. Bí o bá fẹ́ bínú, wá bínú nílé.