Ìjì Tí Kò Dé

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Plano, ní Texas, níbi tó jìn sí òkun. Ọ̀gá Ojú-ọjọ́ — Adékọ́lá ọmọ mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — tún wo ìròyìn ìjì lórí fóònù kó tó jẹun. Kò sí nǹkan kan lórí òkun wa. Láti oṣù kẹfà ló ti kó mi kúrò nílé mi létí òkun ní Galveston wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kí ìgbà ìjì parí ná. Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti bàbá rẹ̀ fi gbé inú ilé yẹn. Ìjì mélòó ni kò bá wa níbẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá
Òkun ṣì dákẹ́. Mo ní kó gbé mi lọ sílé. Ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì ń parí, pé ọjọ́ yẹn gan-an lòun á gbé mi. Ó dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá
Tèmítáyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá jókòó tì mí. Ó ní dádì òun ń bá àwọn tó ń bá ni ta ilé sọ̀rọ̀. "Grandma, it's your house."
Inú bí mi gan-an. Ìjì ò gbà á, ọmọ tí mo bí ló fẹ́ gbà á?

Ọjọ́ Ajé, 17
Adékọ́lá ò tíì mọ̀ pé mo ti gbọ́. Mò ń jẹ ìrẹsì rẹ̀, mò ń wò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kọkànlá
Àkókò ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba máíkì. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ìjì dúró. Mo ní Adékọ́lá ọmọ mi ti ṣèlérí pé bí òní bá ti pé, òun á gbé mi padà sílé mi — kí wọ́n bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Pásítọ̀ ní kó dìde kí wọ́n súre ìrìn àjò fún un. Ó dìde. Ó wò mí, mo wò ó. Bó láṣọ tó àgbà, kò ní àkísà tó àgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejìlá
Galveston. Adékọ́lá wa ọkọ̀ kọjá Houston. Ìgbà náà ló jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ilé títà. Ó ní látìgbà tí bàbá òun ti kú, òun kì í lè sùn bí wọ́n bá ti ní ìjì ń bọ̀, nítorí èmi nìkan ni mo wà nínú ilé. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Síbẹ̀, mi ò ní ta ilé.

Ó gbé báàgì mi wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò.
"Mọ́mì, bí ìjì bá wá dé lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"
"Kó wá bá mi nílé mi."