Ìrìn Kàlàbá ní Etí Odò Kàdúná

                                                                      Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                                      Àdúgbò Badarawa,
                                                                      Kàdúná.
                                                                      Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejìlá, 2023.

Jádesọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbádùn ilé ẹ̀kọ́ wọn? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kúrò lọ́dọ̀ wa, mo gbà pé ó ti fúyẹ́. Ẹ kú ọyẹ́ o. Tiwa níbí ti dé ná. Ètè gbogbo èèyàn ti ń là, eruku sì ti bo ewé igi máńgòrò iwájú ilé. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé n kì í gbé fóònù mọ́. Jọ̀ọ́, má bínú. Inú ilé kan náà ni èmi àti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jọ wà, etí rẹ̀ sì ti di etí ẹran ìgbẹ́. Bí eku bá rìn lókè àjà, ó ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Abdulganiyu àbúrò mi ni, Gàníyù tí ìwọ fúnra rẹ pọ̀n rí. O gbọ́ nígbà tí àwọn ajínigbé mú un lójú ọ̀nà Àbújá, o sì wà lára àwọn tó bá wa dá owó tí a fi gbà á. O gbọ́ pé ó ti dé. Ohun tí o kò gbọ́ ni pé kì í ṣe òun nìkan ló padà wálé.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kì í jáde rárá. Á jókòó ti ògiri, á na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ gbalaja, bí ẹni pé ẹnì kan di ẹsẹ̀ náà mú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí a bá ti kírun Alásàárì tán báyìí, á ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó di ìta. Kò jẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí láti jẹ́ kó máa dá lọ, ni mo bá ń tẹ̀ lé e. Mo tiẹ̀ rò pé ìrìn náà á ṣe wá láǹfààní. Ìlú tí wọ́n bí wa sí ni, ṣùgbọ́n ta ló ń ráyè wo ìlú tí wọ́n bí i sí? Mo ní a ó máa wo àwọn ibi tí àlejò máa ń wò: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní òpópónà Ali Akilu, Lugard Hall, títí lọ dé ọgbà etí odò níbi tí afárá onírin àtijọ́ yẹn wà. Kò sí èyí tí ẹsẹ̀ kò lè gbé èèyàn dé láti Badarawa, bí kò bá ti kánjú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni ara mi ti bù máṣọ. A dé iwájú Lugard Hall, Gàníyù dúró, ó nawọ́ sí i, ó sì sọ̀rọ̀ sókè. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ilé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nìyí," ó wí. "Pákó ni gbogbo rẹ̀. Ìlú wọn ni wọ́n ti kàn án, wọ́n tú u, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, wọ́n wá tún un tò sórí òkè níbí, kí wọ́n lè máa rí gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ èbúté."

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí òkè, kò sí èbúté. Mo ní, "Gàníyù, Lugard Hall nìyí o."

Ó rẹ́rìn-ín. Jádesọ́lá, ẹ̀rín náà kì í ṣe tirẹ̀. O mọ̀ pé inú imú ni Gàníyù ti máa ń rẹ́rìn-ín. Èyí ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó gùn, ó sì ń lọ sókè ní ìparí bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè ọ̀rọ̀.

Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Á mú mi gba ojúde ilé onílé, á ní kí n rọra, pé omi ti mú àtẹ̀gùn yọ̀. Á fi ibi tí wọ́n ń so àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó dé hàn mí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe táyà nìkan ló wà níbẹ̀. Á sọ ti sàréè obìnrin míṣọ́nnárì kan tó gba àwọn ìbejì lọ́wọ́ ikú. Kàlàbá ló ń pe gbogbo ibẹ̀, àbúrò mi kò sì fẹsẹ̀ kan Kàlàbá rí láyé rẹ̀. Obìnrin tó ń ta àkàrà kósàí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa fún un ní omi lọ́jọ́ kan, Gàníyù ní, "Sosongo," èyí tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé "o ṣeun" ni lédè Kàlàbá. Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ó ní, "Aljani ne!" pé àlùjànnú ló wà lára rẹ̀.

Mo lọ bá Àlùfáà Àbdùlsàlámì, olórí àwọn Mùsùlùmí Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò wa. Wọ́n ké ẹsẹ̀ Kùránì sínú omi fún mi, wọ́n wá wojú mi. Wọ́n ní, "Bilqees, ǹjẹ́ o ti bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní n kò bi í, pé ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ló ń bà mí.

"Bi í. Ẹni tí wọ́n ń mú kiri ìlú bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lórúkọ."

Etí odò ni mo ti bi í, nínú ọgbà yẹn, lẹ́bàá afárá. Àwọn apẹja ń na àwọ̀n wọn. Mo ní, "Gàníyù, ta lò ń mú kiri?"

Ó ní, "Effiom ni."

Ó wá sọ fún mi. Ọmọ Kàlàbá ni Effiom, onífọ́tò tó máa ń ya àwọn àlejò létí omi, tó sì máa ń mú wọn wo ìlú. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá ní Kàdúná nígbà tí àwọn ajínigbé mú wọn pọ̀. Ṣéènì kan ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ òsì Gàníyù mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Effiom. Lọ́sàn-án, tí wọ́n bá ní kí gbogbo wọn dojú bolẹ̀, Effiom á sọ sí i létí pé, "Close eye, make we waka." Nínú ọkàn wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti èbúté, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn láti ibì kan dé ibòmíràn, nítorí Effiom ní ohun tó dára jù nínú ìlú òun ni pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rin gbogbo ìtàn rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá parí ti Kàlàbá, Gàníyù á mú Effiom náà rìn ní Kàdúná.

"Ibà ló mú un," Gàníyù wí. "Ọ̀sán kan, à ń gun òkè kan láti etí omi. Ó ní ilé ìyá òun wà ní ìhà kejì. Ó dárúkọ àwọn igi tó wà lọ́nà. Ó sọ ti ilé kan tó ní ajá. Ó wá dákẹ́. Mo rò pé ó ń sinmi ni, mo ń dúró dè é. Àǹtí mi, a ò dé orí òkè náà. Wọn ò sì tú ṣéènì yẹn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́."

Mo béèrè bóyá ìyá Effiom ti gbọ́. Ó mi orí pé rárá.

"Ó kọ́ mi ní nọ́ńbà màmá rẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Mi ò lè pè é. Ní ilé ìyá rẹ̀, Effiom ṣì wà láàyè. Bí mo bá pè, èmi ni mo pa á."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kó ka nọ́ńbà náà fún mi, mo sì tẹ̀ ẹ́. Matilda ni orúkọ obìnrin náà. Mo ṣáà sọ pé Kàdúná ni mo ti ń pè, kò kí mi, ó ní, "Where my pikin?" Gàníyù gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Mama, na me dem tie with am." Ó ròyìn ikú náà fún un. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ìyá ní òun ń bọ̀.

Ó wá lóòótọ́. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ náà ló gbà wọ ìlú. Obìnrin kúkurú ni, ó wé gèlè dúdú. Ó fọwọ́ kan oúnjẹ mi díẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní kí Gàníyù mú òun lọ síbi tó mú ọmọ òun lọ.

Àwa mẹ́ta la jọ rìn. Gàníyù ń sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́, ìyá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Níwájú Lugard Hall ni ìyá ti dá a dúró.

"Rárá, ọwọ́ òsì ni ilé yẹn wà."

"Mama, ọwọ́ ọ̀tún ló sọ fún mi."

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní láti kékeré ni Effiom ti ń fi òsì pe ọ̀tún, pé wọn kò rí i kọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ̀rín gígùn tó ń lọ sókè ní ìparí. Mo di igi mú, Jádesọ́lá. Ẹ̀rín náà gan-an ni.

Nígbà tí a dé etí odò, Gàníyù dé ìdí òkè yẹn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sọ ti àwọn igi, ó sọ ti ajá, ó sì dúró. Ó ní, "Ibí la dé."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Òun ló wá ń sọ ọ́. Bí èèyàn bá kọjá ilé alájá, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Lórí òkè, èèyàn á rí odò àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkun. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà á sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi géètì kan tí wọ́n kùn láwọ̀ búlúù, tí ìdè rẹ̀ ti já, tí ó yẹ kí Effiom tún ṣe kó tó rìnrìn àjò. Èèyàn á wọlé, á bọ́ bàtà. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Ó fi èdè wọn sọ ọ̀rọ̀ kan, Gàníyù sì jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó bú sẹ́kún. Láti ìgbà tó ti dé, n kò rí omi lójú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ìyá béèrè pé apá ibo ni igbó tí wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ sí wà. Gàníyù nawọ́. Ìyá kọjú síbẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ gba orí omi kọjá, bí a ṣe ń pe ọmọ tó lọ ṣeré kó wá jẹun. Àwọn apẹja dáwọ́ dúró. Ó dúró dìgbà tí ọmọ ì bá ti dáhùn, ó sì ní ká máa lọ.

Ó ti padà sí Kàlàbá báyìí, ṣùgbọ́n ó máa ń pe Gàníyù. Kò béèrè ọ̀rọ̀ ikú mọ́. Ohun tó ń béèrè ni pé, kí ni Effiom ń jẹ nínú igbó? Kí ló sọ nípa mi? Ṣé ó ń kọrin? Gàníyù ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀ fún un. Lánàá, ìyá tún béèrè nǹkan. Gàníyù dáhùn, ó ń rọra sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí.

"Àǹtí mi, èyí tí mo sọ yẹn kò ṣẹlẹ̀."

N kò bá a wí. Mo ní kó wá jẹun.

Jọ̀ọ́, bí o bá rí Màmá wa lọ́jà, sọ fún wọn pé Gàníyù ń sanra, má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ fún mi. Ẹ rántí wa nínú àdúrà yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi tí a jọ dàgbà,

Bilqees.