Màmá Wa Ń Bá Ìwé Bàbá Jiyàn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà tí bàbá wa kú, a kó fọ́tò wọn àti ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ nípa ayé wọn lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ àgbègbè wa, kí ikán má baà jẹ wọ́n. Àṣé a ti fa ọ̀rọ̀! Ojoojúmọ́ ni màmá wa ń lọ jókòó síbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń ka ìwé náà sókè, màmá á dá a dúró: "Ó ní òun ló pa ejò? Irọ́ ńlá! Orí tábìlì ló gùn, tó ń ké. Èmi ni mo pa á!"

Ọ̀gá ibẹ̀ pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé màmá ni. Wọ́n ní rárá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pa ìwé tì, ẹnu màmá ni wọ́n ń wò. Àwọn fẹ́ gba ohùn màmá sílẹ̀, kí àwọn tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé bàbá.

Màmá gbà, àmọ́ wọ́n ní yàrá ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tọ́jú ohùn àwọn sí. "Mo ti gbọ́ ìhanrun bàbá yín tó. Ẹ jẹ́ kí n sinmi!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní àbùkù ni, pé a kì í ya tọkọtaya. Ẹ bá wa dá sí i: yàrá kan ni àbí méjì? Ẹ rọra dáhùn o, màmá wà nídìí rédíò.