Ẹ̀rù Tí Mò Ń Pè Ní Ìfẹ́

Iye mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àìfojúkanra. Mo kúnlẹ̀ kí yín, ìyá mi, láti òkè òkun níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín ní Araromi-Obu, mo kí Ṣadé àbúrò mi.

Òtútù ibí kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀ nígbà ọyẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń fọ̀, gbogbo ìka mi ti là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló lé mi wọ ilé ìkàwé lọ́jọ́ kan. Ilé ni n kò fẹ́ lọ. Ọkọ mi ti lù mí nítorí pé iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀. Mo pè yín, ẹ ní kí n fara dà á, pé bí ẹ̀yin náà ṣe ṣe nìyẹn.

Ìwé tí mo fà yọ, ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó dàgbà nínú ilé tí bàbá rẹ̀ ti ń na ìyá rẹ̀. Nígbà tó bàlágà, ó rò pé ọkùnrin tí kò bá jowú, tí kò bá pariwo, kò fẹ́ràn òun. Ó pẹ́ kó tó yé e pé ẹ̀rù lòun ń pè ní ìfẹ́. Níparí, kò rí ọkọ mìíràn, kò sì dolówó. Ó jókòó sínú yàrá kékeré kan, ó ń mu tíì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo sunkún débi pé obìnrin tó ń tọ́jú ìwé gbé omi wá fún mi.

Mo rántí ilé wa ní Odigbo. Bí a bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà bàbá mi, ẹ ó ní ká dákẹ́, Ṣadé á wọ abẹ́ tábìlì. Bàbá ti sùn, n kò bú òkú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ láti máa pe ẹ̀rù ní ìfẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ka ìparí ìwé náà fún yín lórí fóònù, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi sùn sétí bẹ́ẹ̀dì, pé ìgbà tí a sin bàbá tán lẹ tó mọ bí àárín bẹ́ẹ̀dì ṣe rí. Ẹ ní kí n má padà sílé ọkọ mi mọ́, pé irọ́ lẹ pa fún mi nígbà tí ẹ ní kí n fara dà á.

Mo ti kó jáde. Ọ̀dọ̀ obìnrin ará Gánà kan tí a jọ ń fọṣọ ni mo wà, ilẹ̀ ni mò ń sùn. Orúkọ ọkọ mi ni ìwé ìgbélùú mi dúró lé, n kò mọ̀ bóyá wọn yóò lé mi. Àwọn ará wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í kí mi mọ́. Mo máa ń sunkún nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Síbẹ̀, bí mo bá po gààrì tí mo jókòó, kò sí ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tí mò ń tẹ́tí sí. Ó tó mi.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Ṣadé sọ fún mi pé dírẹ́bà tó fẹ́ fẹ́ òun ní Ọ̀rẹ̀ já fóònù gbà lọ́wọ́ òun, ó sì la fóònù náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ìfẹ́ ló pọ̀ jù. Kí ìdána tó tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é jókòó. Ohun tí ẹ sọ fún mi, ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kó má lọ kà á nínú ìwé nílùú onílùú bíi tèmi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí. Ẹ kò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, kí ẹ sì kí gbogbo àwọn tó ń bèèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọ́rẹ́nikẹ́