Kápúténì Ọ̀tá Tí A Ń Bẹ̀bẹ̀ Fún Ní Ìjù

Ruqoyah ọmọ mi,

Àṣàlámù àlékùn o. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé yín ní Ṣúúrùlérè kò tíì tún fi omi dù yín? Ọlọ́hun tó ń bójú tó gbogbo èrò tó kún Èkó, tí kò gbàgbé ẹnì kan nínú wọn, kò ní gbàgbé ìwọ náà. Gbogbo wa ní Ìjù ń kí ẹ. Bàbá rẹ ń kí ẹ, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, àwọn méjèèjì lera, àfi pé ọ̀kan máa ń lọ dúró sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tó wà lódìkejì wa ní àràárọ̀ bí ẹni tó ń wáṣẹ́, àwọn ọlọ́dẹ ibẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lójú.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ẹ́. Fóònù kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ti kí ẹ tán, tí mo gbàdúrà tán, tó wá ku kí n sọ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè, ni obìnrin inú ẹ̀ yẹn á já lu ọ̀rọ̀ wa, á máa fi òyìnbó bá mi wí, bẹ́ẹ̀ mi ò bá a jà rí. Ẹni tó kàwé dé iléèwé mọ́dà kò yẹ kó máa gbàyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi gbé bírò.

Ìwé tí o kọ, tí o fi rán awakọ̀ sí wa, ti dé. Mo rí orúkọ rẹ níwájú ẹ̀ gàdàgbà, mo sì fi han gbogbo ẹni tó ń kọjá, àtẹni tó mọ̀wé àtẹni tí kò mọ̀wé. Bàbá rẹ ní kí n tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, mo ní rárá o, ìwé tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ, a ó kà á ni. Ni mo bá gbé e lọ sábẹ́ páànù tí a ti ń yan gàrí. Bí àwọn yòókù bá ń bó ẹ̀gẹ́, èmi á máa kàwé fún wọn, wọ́n á sì máa bó tèmi mọ́ tiwọn, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé wa, kí o lè mọ̀ bóyá a kà á dáadáa. Ó yé wa pé ìlú méjì ló ń bára wọn jagun, Apáta àti Ẹrẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ la ti mọ̀ pé ọmọ Apáta ni wá, torí ibẹ̀ ni Adébùkọ́lá ti wá, ọmọbìnrin amí tó ń gbé iṣẹ́ àṣírí kọjá lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Gbogbo ará Ẹrẹ̀ pátá la kórìíra. Ọjọ́ tí wọ́n dáná sun ọjà Apáta, a ṣépè fún wọn débi pé gàrí tó wà lórí iná jóná. Ìgbà tó wá kan ọ̀gá wọn, Kápúténì Ọ̀ṣìnúbí, gbogbo wa ti gbára dì, ká sáà rí ohun tí yóò ṣe ká lè bú u dáadáa. Ọkùnrin yìí dé ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó kan tó ń kírun lọ́wọ́, ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó dúró síta títí ìyá fi kírun tán, kó tó béèrè bóyá wọ́n rí amí.  Ẹnì kan ní ṣé ó dá mi lójú pé ará Ẹrẹ̀ ni, kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ará Ẹrẹ̀ ni.

Láti ìgbà yẹn ni èébú ti há mọ́ wa lẹ́nu. Nígbà tó wá pàdé Adébùkọ́lá létí odò, tó gbé tòmátì kan tó sì rí ìwé àṣírí lábẹ́ ẹ̀, tó wá san owó tòmátì, tó ní kó tètè máa lọ kó má wẹ̀yìn, Tahir gbé ife gàrí tó ń mu sílẹ̀. Tahir yìí ló ń kó ẹrù sínú tírélà ní ilé-iṣẹ́ òdìkejì, ọ̀dọ̀ wa ló máa ń sá wá nígbà ìsinmi. Ó ní, "Mama, dat man na correct person." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yìn èyí ni àwọn èèyàn kápúténì fúnra wọn mú un pé ó fi amí sílẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ òpó, wọ́n gbé ìbọn sókè, ìwé sì tán. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé apá kìíní dópin. Ruqoyah, ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Ṣé wọ́n máa ń gbé ọbẹ̀ ka iwájú àlejò, kí wọ́n wá gbé iyán sá?

Mo yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn láti mọ ibi tí ọkùnrin náà wà. Lójú ewé àkọ́kọ́, o ní kò sí ìkankan nínú àwọn èèyàn inú ìwé náà tó wà láyé, pé bí a bá rí ẹni tó jọ wọ́n, ó kàn ṣèèṣì ni. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ó yé mi, o fi pa á mọ́ fún àwọn tó ń wá a ni. Ẹ̀yìn ìwé ni o ti jẹ́ kí èmi ìyá rẹ rí i. Mo rí àwọn irin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò síbẹ̀, tí nọ́ńbà wà lábẹ́ wọn. Fèrèsé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ló sì wà nísàlẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù, obìnrin ọjọ́sí náà ló tún dá mi lóhùn. A jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́wọ̀n náà.

Mo wá lọ bá Waliyullah tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta, mo ní kó bá mi wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó wò ó, ó ní àwọn èèyàn fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta. Mo ní alihamudulilai! Torí bàbá rẹ ti sọ fún mi pé ìràwọ̀ mẹ́ta náà ló máa ń wà léjìká kápúténì, a jẹ́ pé wọn ò tíì yọ ọ́ níṣẹ́. Waliyullah ní èmi náà lè fún un ní ìràwọ̀ bí mo bá fẹ́. Mo ní ta ni mo jẹ́ tí n ó máa fi ológun joyè, ṣùgbọ́n mo tẹ gbogbo ẹ̀ fún un. Bí mo bá ti gbé e ga jù, bá mi bẹ ìjọba wọn.

Mo tiẹ̀ ti bi Alàgbà Ọ̀ṣìnúbí tó ń ta táyà ní Ṣàngó léèrè bóyá mọ̀lẹ́bí wọn kan ti sọnù sójú ogun. Wọ́n ní àwọn ò ní ológun nílé àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ròyìn ìwà ọkùnrin náà tán, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tàwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí o, jókòó kà á. O mọ Ẹfúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi, o sì mọ Démiládé ọmọ ẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ike kó tó wọṣẹ́ ológun, tí ogun apá àríwá ọ̀hún wá pa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àpótí ẹ̀ wá, tí wọ́n ní ká má ṣí i, Ẹfúnkẹ́ kò pe orúkọ ọmọ náà mọ́. Àwa náà ò pè é. Àwa tí à ń pè é ní Ìyá Démiládé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹfúnkẹ́, bí ẹni tí kò bímọ rí, a rò pé àánú la fi ń ṣe é. Ó ń bá wa bó ẹ̀gẹ́, ó ń gbọ́ ìwé.

Ọjọ́ tí a ka ibi tí wọ́n ti de kápúténì mọ́ òpó, ẹkún sọ lábẹ́ páànù. Tahir ní èéfín ló kó sóun lójú. Ni Ẹfúnkẹ́ bá dìde, ó sọ ọ̀bẹ sínú ẹ̀gẹ́. Ó ní ṣé orí wa pé ṣá? Ó ní ọ̀tá la jókòó tí à ń sunkún fún yìí. Ó ní ẹni tó yìnbọn fún ọmọ òun ńkọ́, ṣé òun náà bọ́ bàtà kó tó yìn ín? Ó ní ọ̀tá ni ọ̀tá ń jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ fi oyin ra á lára, kó má pe òun wá lá a. Ó ká aṣọ ẹ̀ mọ́ra, ó lọ.

 Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé jù wá lọ lè ní èsì, àwa ò ní. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ bá a, ó gba abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó dá abọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé. Ìwé kíkà dáwọ́ dúró, gàrí lásán là ń yan. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ẹ, inú bí mi sí ẹ. Mo ní kí ló dé tí ọmọ yìí ò fi ọ̀tá sílẹ̀ bí ọ̀tá, kí kálukú kórìíra ẹ̀ kó sinmi.

Àfi bí Ẹfúnkẹ́ ṣe yọ sí mi nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe ti mọ́sáláṣí dé. Kò jókòó. Ó ní òun ò wá nítorí kápúténì o. Ó ní kí n ka ibi tí ọkùnrin náà ti bá ọmọ ogun Apáta kan tó kú sínú koríko. Ruqoyah, èmi ti gbàgbé ibẹ̀! A ti sáré kọjá níbẹ̀ torí Adébùkọ́lá là ń wá lọ. Mo wá a títí mo fi rí i. Mo kà á fún un, pé ó kúnlẹ̀ ti òkú náà, ó pa ojú ẹ̀ dé, ó bọ́ kóòtù ara ẹ̀ ó fi bò ó, ó bi àwọn ọmọ ogun ẹ̀ bóyá ẹnì kan mọ orúkọ ẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n dúró tì í díẹ̀, kó má dà bí ẹni tí kò léèyàn.

Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó wá ní ṣé mo rò pé ẹnì kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, lójú ogun, fún ọmọ ọlọ́mọ? Mo ní mi ò mọ̀, mi ò dé ojú ogun rí, ṣùgbọ́n bí Ruqoyah tó ń sá fún aláǹgbá bá lè rò ó, ó lè sọ sí ẹlòmíì lọ́kàn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá jókòó. Ó ní gbogbo ayé ló rò pé ẹni tó pa ọmọ òun lòun ń bi ara òun, bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní ohun tóun ń bi ara òun ni pé ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ òun nígbà tó ń kú lọ. Ó wá pe orúkọ náà, ó ní Démiládé. Mo bá a pè é. A pè é títí bàbá rẹ fi yọjú láti yàrá pé ta là ń pè, mo ní kí wọ́n padà, wọ́n padà. Kò sọ pé òun dárí ji ẹnikẹ́ni, mi ò sì bi í.

Ó ti padà sábẹ́ páànù báyìí. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá gbọ́ ti pọ̀ sí i. Ìyá Démiládé la tún ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ o, páànù orí wa ń jò. Má fi í sí báńkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní owó mi wà nínú káàdì, mo gbọn káàdì náà títí, kò dún.

Lórí ọ̀rọ̀ kápúténì, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kó má kú. Bàbá rẹ ní kí Adébùkọ́lá wá gbé e sá. Tahir ní kí ìbọn kọ̀, kó má yìn. Ìwọ lo mọ̀ bí wàá ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n Ìyá Démiládé ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó fi rán mi. Ó ní kí o fi orúkọ Démiládé sọ ẹnì kan ní apá kejì. Kó má jẹ́ ológun. Ó ní kó máa ta búrẹ́dì, kó fẹ́yàwó, kí òun àtìyàwó ẹ̀ máa jà díẹ̀díẹ̀, kó bímọ, kó sanra, kí ẹ̀yìn máa dùn ún bó bá fẹ́ dìde. Ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀ lójú ogun yẹn, kó má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé gbọ̀n, títí wàá fi kọ ewú sí Démiládé lórí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùíbátù