Ọwọ́ Tó Gbé Oúnjẹ Wọlé

Bàámi,

Ẹ kú ilé o. Àlàmùdùlílàhì, iṣẹ́ fíìmù ń lọ dáadáa níbí ní Èkó. Ṣé ẹ rántí àwọn fíìmù tí a máa ń wò ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín ní Takie? Bí olówó bá ti ń jẹun nínú rẹ̀, ẹ ó dá a dúró: “Haneefah, ta ló sè é? Wọn kì í fi ojú òṣìṣẹ́ hàn wá! Olówó ló ń ṣe fíìmù, wọ́n fi ń pọ́n ara wọn lé ni!”

Fíìmù tèmi ti jáde. Ẹ má tíì pe àwọn aládùúgbò. Ẹ dá a dúró níbi tí oúnjẹ ti wọlé, kí ẹ wo ọwọ́ tó gbé e. Àpá ibi tí áyọ́ọ̀nù yín ti jó mi ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ ní èmi náà ń jẹun o.

Haneefah yín