Wọ́n Ní Kí N Fi Ṣọ́ọ̀bù Mi Sórúkọ Àbúrò Mi

Màdáámù Zdravka, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ìlú Plovdiv tí mò ń gbé yìí, àwọn èèyàn mọ ara wọn.

Adití ni mí. Banitsa, ìyẹn páì oníwàràkàṣì ilẹ̀ Bulgaria, ni mò ń yan tà nílé, àwọn oníbàárà sì ti pọ̀ ju ààrò mi lọ. Mo lọ yáwó ní báǹkì kí n lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Plamen àbúrò mi bá mi lọ, kó lè máa fọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi. Ọ̀gá báǹkì kò wojú mi rárá, Plamen ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ń wo ètè rẹ̀, mo sì rí ohun tó sọ: "Ta ló máa gbé fóònù tí àwọn oníbàárà bá pè é, nígbà tí kò gbọ́rọ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ ṣọ́ọ̀bù náà àti owó tá a fẹ́ yá a sórúkọ yín, owó á jáde kíá."

Plamen yíjú sí mi, ó fọwọ́ sọ pé, "Wọ́n ní ká ṣì ní sùúrù."

Nígbà tá a délé, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ohun tí ọ̀gá báǹkì sọ fún mi. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni? Ṣebí ọ̀kan náà ni wá."

Ó ní kí n jẹ́ kó wà lórúkọ òun, Ọjọ́ Ẹtì la sì máa tọwọ́ bọ̀wé. Tí mo bá kọ̀, kò sówó. Tí mo bá gbà, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?

Plamen ló máa ń túmọ̀ ètò yín fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, aládùúgbò mi ni mo bẹ̀ pé kó bá mi túmọ̀ èsì yín, kí Plamen má bàa mọ̀. Ẹ bá mi dá sí i.